Ọwọ́ Mọ̀ Ọ́n, Ẹnu Kò Sọ Ọ́: Èrò Mi lórí Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Àkọ́kọ́ tí Wọ́n Ń Kọ́ Ọlọ́pàá Lókè Òkun

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé, "Prof, kí ló kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti báńdéèjì?" Ó kàn mí dáadáa. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀.

Ìwé tó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni apá kejì ìròyìn ìwádìí lórí bọ́ǹbù Manchester Arena. Sir John Saunders, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣe alága ìwádìí náà. Oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n gbé apá kejì jáde. Ohun tí apá yìí yẹ̀ wò ni bí ọlọ́pàá, panápaná àti òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì ṣe ṣe é lálẹ́ ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́. Ìwé ńlá ni, wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì kó tó ṣeé gbé. Mo gbóríyìn fún ẹni tó kọ ọ́, nítorí kò fi epo bọ iyọ̀ rárá. Àmọ́ nígbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ nínú rẹ̀, ohun tí mo ń gbọ́ jù ni pé kí wọ́n túbọ̀ kọ́ ọlọ́pàá ní ìtọ́jú àkọ́kọ́, kí wọ́n sì fún wọn ní irinṣẹ́ sí i. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọwọ́ ọlọ́pàá, tí kò kọ́ ẹnu rẹ̀, kò tíì parí, ìdajì tó kù yẹn sì ti gba ẹ̀mí èèyàn.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọwọ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ fún ìyìn. Ní England àti Wales, College of Policing ló ń ṣètò ẹ̀kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún ọlọ́pàá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú un pàdé aráàlú gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, ó sì gbọ́dọ̀ máa padà wá tún un kọ́. Wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́nà mẹ́wàá, ìyẹn 30, kí wọ́n tó fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, kí àyà náà wọlé tó sẹ̀ńtímítà 5 sí 6, kí títẹ̀ náà yá tó ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yí ẹni tó dákú, ṣùgbọ́n tó ṣì ń mí, sí ẹ̀gbẹ́ kí ahọ́n tàbí èébì má baà dí i lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń so apá tàbí ẹsẹ̀ pinpin lókè ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má dà tán, kí wọ́n sì kọ aago tí wọ́n so ó sílẹ̀ kí dókítà lè mọ iye ìgbà tó ti wà níbẹ̀.

Kí wọ́n má baà gbàgbé èwo ló yẹ kó ṣáájú, wọ́n fi lẹ́tà ṣe àmì fún wọn: DR C ABC. D dúró fún ewu: wo àyíká rẹ kí o tó súnmọ́ ibẹ̀. R dúró fún ìdáhùn: ṣé ẹni tó dùbúlẹ̀ yìí ń dáhùn? C àkọ́kọ́ dúró fún ẹ̀jẹ̀ tó ń dà yàà. A ni ọ̀nà èémí, B ni mímí, C ìkẹyìn ni ìrìn ẹ̀jẹ̀ nínú ara. ABC lásán ni wọ́n ń kà tẹ́lẹ̀. Àwọn dókítà ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé C kan síwájú, nítorí ohun tí ojú wọn rí lójú ogun: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ já lè ti ṣòfò kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ọ̀nà èémí rẹ̀ wò tán. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọ́n sún síwájú, ẹ̀mí ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ èdè ti wọ ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀?

Àmì kejì tún wà, èyí tí gbogbo òṣìṣẹ́ pàjáwìrì ń kọ́, METHANE. Ó wà lára ètò tí wọ́n ń pè ní JESIP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2012 kí ọlọ́pàá, panápaná àti áńbúláǹsì lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi ìjàǹbá gbọ́dọ̀ fi ohun méje ránṣẹ́: kó kéde pé ìjàǹbá ńlá ni, kó sọ ibi tó wà gan-an, irú ohun tó ṣẹlẹ̀, ewu tó wà níbẹ̀, ọ̀nà tí èèyàn lè gbà wọlé, iye ẹni tó fara pa, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ṣì ń fẹ́. Lójú ìwé, kò sí àléébù lára rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà

Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 31 alẹ́, bọ́ǹbù bú gbàù ní City Room, yàrá ńlá tó so gbọ̀ngàn orin náà mọ́ ibùdókọ̀ ojú irin Victoria. Àwọn tó wá wo Ariana Grande ló ń jáde bọ̀, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Èèyàn 22 ló kú, láìka ẹni tó gbé bọ́ǹbù náà wá. Àwọn tó fara pa tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Àwọn tó kọ́kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó fara pa ni àwọn òṣìṣẹ́ gbọ̀ngàn, aráàlú, àti ọlọ́pàá, pàápàá ọlọ́pàá ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ṣe ohun tí agbára wọn ká. Wọ́n fi bẹ́líìtì so ẹsẹ̀. Nígbà tí wọn ò rí ohun tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, orí pátákó ìpolówó ọjà àti irin tí wọ́n fi ń dá èrò dúró ni wọ́n gbé àwọn èèyàn lé. Ní ogójì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ ìṣègùn áńbúláǹsì kan péré ló wọ inú yàrá yẹn. Títí dé òpin, mẹ́ta ni gbogbo wọn. Panápaná ní tiwọn kò débẹ̀ títí ó fi lé ní wákàtí méjì.

Kí ló dá wọn dúró? Ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó wà nídìí ètò lálẹ́ ọjọ́ náà, ní ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá Greater Manchester, rò pé ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíì tó dìhámọ́ra ṣì máa rìn káàkiri. Ó wá kéde ètò kan tí wọ́n ń pè ní Operation Plato. Kò sọ fún áńbúláǹsì. Kò sọ fún panápaná. Iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, gbogbo ènìyàn ló ń pè é, ìpè ń já lu ìpè, ọ̀pọ̀ sì ń pè é láìrí i bá sọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá ọkọ̀ ojú irin kéde ìjàǹbá ńlá tiwọn, áńbúláǹsì kéde tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá Greater Manchester, tó yẹ kó ṣáájú gbogbo wọn, kò kéde títí ó fi lé ní wákàtí méjì. Àwọn ọlọ́pàá tó wà nínú yàrá náà ń béèrè áńbúláǹsì lórí rédíò. Àwọn tó wà níta ń dúró de ẹni tó máa sọ fún wọn pé ibẹ̀ ṣeé wọ̀.

Ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan wà nínú àwọn tó kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ṣe é. Aráàlú kan tí kò mọ̀ ọ́n rí fi bẹ́líìtì so ẹsẹ̀ náà, kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó gbé e kúrò nínú yàrá yẹn. Ìwádìí náà sọ ọ́ gbangba pé, ká ní wọ́n tètè ṣe ohun tó yẹ, ó ṣeé ṣe gidigidi pé ì bá yè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ọwọ́ kan ti dì í mú. Ohun tí ọwọ́ yẹn ń retí ni àwọn tó mọ̀ jù ú lọ, àwọn yẹn sì wà nítòsí, wọ́n ń retí ọ̀rọ̀.

Ta ló gbọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí kíláàsì mi á rántí J. L. Austin, ọ̀mọ̀wé Ọ́ksífọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1962, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òun ló là wá lójú pé ọ̀rọ̀ máa ń ṣiṣẹ́: ẹni tó ní "mo kìlọ̀ fún ẹ" ti kìlọ̀. Àmọ́ Austin fi kún un pé ìkìlọ̀ kò tíì di ìkìlọ̀ bí ẹni tí a ń kìlọ̀ fún kò bá gbọ́, tí kò sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀. Bí mo bá kígbe "ejò!" sínú afẹ́fẹ́, tí o kò gbọ́, mo pariwo ni, mi ò tíì kìlọ̀ fún ẹ.

Ẹ wá fi ojú yẹn wo METHANE. Lẹ́tà méje ló ní, kò sì sí ọ̀kan tó dúró fún "wọ́n ti gbọ́". Ohun tí a ó sọ ni ó kọ́ èèyàn. Ta ni a ó sọ ọ́ fún? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó dé etí rẹ̀? Kí la máa ṣe bí kò bá dáhùn? METHANE ò sọ ìyẹn. Àwọn tó ṣètò JESIP á dá mi lóhùn pé àwọn ní ìlànà márùn-ún, àti pé "ẹ máa bá ara yín sọ̀rọ̀" wà lára wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kéèyàn kọ ọ́ sójú ìwé pé ká máa sọ̀rọ̀, yàtọ̀ sí kéèyàn fi ẹnu ṣe é léraléra títí á fi mọ́ ọn lára, bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ọmọláńgidi nínú kíláàsì títí apá á fi ro wọ́n.

Àwa Yorùbá mọ nǹkan yìí tipẹ́. Apàlọ́ kì í kàn ṣí ẹnu kó máa pàlọ́ lọ. Á ní "Ààlọ́ o!", á sì dákẹ́. Títí àwọn ọmọ á fi dáhùn "Ààlọ̀!", kò ní gbé ẹsẹ̀ kan. Bí ìdáhùn bá rọ̀, á tún un pè. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, eré ọmọdé ni. Lójú onímọ̀ èdè, ìdánwò ni: ṣé ọ̀nà tó wà láàárín ẹnu mi àti etí yín ṣí sílẹ̀? Àwọn awakọ̀ òfuurufú náà ní irú rẹ̀. Bí ilé ìdarí bá ní kí wọ́n gòkè dé ibì kan, awakọ̀ gbọ́dọ̀ ka àṣẹ náà padà kí wọ́n tó gbà pé ó gbọ́. Ohun tí apàlọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ eré òṣùpá, òun náà ló yẹ kí ọlọ́pàá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ilé bá dàrú.

Saunders lo ọ̀rọ̀ kan nínú ìròyìn rẹ̀ tó wù mí: àlàfo ìtọ́jú. Ó túmọ̀ sí àsìkò tó wà láàárín ìgbà tí èèyàn fara pa àti ìgbà tí oníṣègùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní àlàfo yẹn kò lè ṣàìwà, nítorí náà kí ọlọ́pàá àti aráàlú kọ́ bí wọ́n ṣe lè dí i. Ìmọ̀ràn rere ni. Ó tún fi ọ̀pọ̀ ojú ìwé ṣàlàyé bí ìbánisọ̀rọ̀ ṣe dẹnu kọlẹ̀. Ẹjọ́ tí mo ń bá a ṣe ni pé ibì kan ni ó ti sọ̀rọ̀ ẹnu, ibòmíràn ni ó ti sọ̀rọ̀ ọwọ́, bí ẹni pé kíláàsì méjì ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀, ní Manchester, àlàfo ọ̀rọ̀ ló mú kí àlàfo ìtọ́jú gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá fún gbogbo ọlọ́pàá ìlú yẹn ní okùn ìsoṣẹ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá, tí ọ̀rọ̀ sì tún há sí ọ́fíìsì kan, ẹni tí ó nílò iṣẹ́ abẹ yóò ṣì máa dúró.

Ọlọ́pàá mẹ́rin, ibì kan ṣoṣo

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ rédíò ni mo ń sọ, pé bí rédíò bá dára, gbogbo rẹ̀ á dára. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká sọdá sí Amẹ́ríkà. Ní Manchester, ọ̀rọ̀ kò kọjá láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Ní Minneapolis, ọ̀rọ̀ kò kọjá láàárín ọlọ́pàá mẹ́rin tí wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn ketekete.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Derek Chauvin fi orúnkún tẹ ọrùn George Floyd fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti ìṣẹ́jú-àáyá 29. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí ni àwọn mẹ́ta tó kù. Thomas Lane ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ ni. J. Alexander Kueng náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, Chauvin sì wà lára àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́. Chauvin fúnra rẹ̀ ti lo nǹkan bí ọdún 19. Tou Thao, tó ń dá èrò dúró, kì í ṣe ọmọ tuntun ní tiẹ̀.

Kámẹ́rà tó wà láyà wọn gba ohùn wọn sílẹ̀. Lane béèrè bóyá kí wọ́n yí ọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Chauvin ní rárá. Nígbà tó yá, Lane tún béèrè. Kueng fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ Floyd, ó ní òun kò rí i kí iṣan rẹ̀ máa lù. Orúnkún kò kúrò. Obìnrin panápaná kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà wà láàárín èrò, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yẹ iṣan rẹ̀ wò, wọn ò jẹ́ kó súnmọ́ ibẹ̀. Nígbà tí áńbúláǹsì dé, Lane wọ inú rẹ̀, ó sì ń tẹ àyà Floyd. Ẹ ò rí i? Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ìbéèrè rẹ̀ pàápàá fi hàn pé ó rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ: yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́bi pé wọn kò ṣe ìtọ́jú ẹni tó wà lọ́wọ́ wọn. Mi ò wá gbèjà wọn o. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gírámà bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀: orúnkún ló pa Floyd, kì í ṣe àmì ìbéèrè. Ẹ̀tanú tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kò sì lè ṣàìwà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí olùkọ́ èdè sọ ohun tí òun rí.

Ìbéèrè ni Lane lò. "Ṣé ká yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni?" Ẹni tó bá béèrè ti fi agbára lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ìdáhùn méjì ló wà fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àti rárá, ẹni tó sọ "rárá" kò sì dẹ́ṣẹ̀ kankan sí gírámà. Wọ́n bi í, ó dáhùn, ó parí. Ẹ tún wo "ká" yẹn: ta ni "a"? Kò sí ẹni tó mọ̀ pé òun gan-an ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Ká ní ohun tó sọ ni "Kò mí mọ́. Mò ń yí i báyìí. Gbé orúnkún rẹ kúrò", Chauvin ì bá ṣì lè kọ̀. Àmọ́ kò ní lè fi "rárá" lásán dá a lóhùn. Ó di dandan kó ta ko òótọ́ kan, tàbí kó fi ọwọ́ dá ọwọ́ ẹlòmíì dúró, níṣojú kámẹ́rà àti gbogbo èrò.

Ohun tí àwọn awakọ̀ òfuurufú fi ẹ̀jẹ̀ kọ́

Èyí kì í ṣe ohun tuntun lágbàáyé. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, ọkọ̀ òfuurufú Boeing 747 méjì, ti KLM àti ti Pan Am, kọlu ara wọn nínú kùrukùru lórí ilẹ̀ ní Tenerife. Èèyàn 583 ló kú. Kí ọkọ̀ KLM tó gbéra, ẹnjiníà inú rẹ̀ béèrè bóyá ọkọ̀ kejì ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá awakọ̀ ní ó ti kúrò. Ọ̀gá ńlá ni nílé iṣẹ́ náà, òun ló ń kọ́ àwọn awakọ̀ mìíràn. Ẹnjiníà dákẹ́. Ìbéèrè ọmọ abẹ́ tún nìyẹn, ìdáhùn ọ̀gá tún nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kò ní kí wọ́n kọ́ awakọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ abẹ́ bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń gbọ́. Àwọn ilé ìwòsàn náà ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ́ ọ níbẹ̀: kọ́kọ́ béèrè, bí kò bá gbọ́, kìlọ̀, bí kò bá gbọ́ síbẹ̀, takò ó lójú ara rẹ̀, bí ó bá kọ̀, gba iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ wo ibi tí Lane dúró sí: ìpele àkọ́kọ́, lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà kan ti ń gbìyànjú. New Orleans bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ EPIC kí ọlọ́pàá lè máa dá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́kun. Láti ibẹ̀ ni Yunifásítì Georgetown ti gbé ABLE jáde ní 2020 fún àwọn ìlú mìíràn. Inú mi dùn sí i. Àbùkù kan ṣoṣo tí mo rí ni pé ẹ̀kọ́ ìwà ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú náà ni. Kíláàsì tí wọ́n ti ń tẹ àyà ọmọláńgidi ni ó yẹ kí wọ́n ti máa ṣe é. Kí ẹnì kan ṣe bí ọ̀gá tó ń sọ pé "fi í sílẹ̀", kí ọmọ tuntun sì kọ́ bí á ṣe sọ ọ́ tí ọ̀gá kò fi ní rí ibi yẹ̀ ẹ́ sí.

Philadelphia ńkọ́?

Ẹni tó bá mọ Amẹ́ríkà dáadáa á ní, "Prof, ẹ wo Philadelphia. Kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀." Òótọ́ ni. Láti nǹkan bí ọdún 1980 sí 1990 ni ọlọ́pàá ìlú yẹn ti ń gbé ẹni tí wọ́n yìnbọn lù tàbí tí wọ́n gún lọ́bẹ sẹ́yìn mọ́tò wọn, tí wọ́n sì ń sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn láìdúró de áńbúláǹsì. Ní 2014, àwọn olùwádìí Yunifásítì Pennsylvania yẹ ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn tó ju 4,000 lọ wò. Nígbà tí wọ́n ti gbé bí ọgbẹ́ kálukú ṣe le tó yẹ̀ wò, wọn ò rí ìyàtọ̀ gidi kan láàárín ẹni tí ọlọ́pàá gbé àti ẹni tí áńbúláǹsì gbé ní ti yíyè. Mọ́tò tí kò ní bẹ́ẹ̀dì, tí kò ní oògùn!

Ìyẹn kò tako ohun tí mo ń sọ, ó gbè é lẹ́yìn ni. Ohun tó mú Philadelphia yá ni pé ìlànà ti dáhùn ìbéèrè náà kí ó tó dé. Ọlọ́pàá kò ní láti bi ẹnikẹ́ni pé "ṣé kí n gbé e?" Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹnu sọ lójú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ tán nínú ọ́fíìsì, nígbà tí ọkàn balẹ̀. Igi gángánrán má gùn mí lójú, òkèèrè ni wọ́n ti wò ó. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìjàǹbá ni mọ́tò kan lè yanjú. Níbi tí èèyàn ogún ti dùbúlẹ̀, tí ilé iṣẹ́ mẹ́ta gbọ́dọ̀ parapọ̀, ẹnu tún gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́.

Igbe kò ní àgbà

Àwọn kan máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ abẹ́ tí kò lè pàṣẹ fún ọ̀gá, àìsàn àwa tí a ń kúnlẹ̀ kí àgbà ni. Ẹ ti rí i báyìí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní "ẹ" àti "o" náà ní ìbẹ̀rù àgbà tirẹ̀. Inú ìbéèrè ló fi í pa mọ́ sí.

Èdè tiwa ní ìṣòro tirẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń kọ́ èèyàn pé, láàárín èrò, má wulẹ̀ kígbe pé kí wọ́n pe áńbúláǹsì. Nàka sí ẹnì kan, kó mọ̀ pé òun ni. Ní Yorùbá, ó tún ṣe pàtàkì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá ní "Ẹ pe áńbúláǹsì!", "ẹ" yẹn lè jẹ́ gbogbo èrò, ó sì lè jẹ́ àgbà kan ṣoṣo. Olúkúlùkù á rò pé ẹlòmíì ni mò ń bá wí. Ẹ ní láti sọ pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ẹ pè é, kẹ́ ẹ padà wá sọ fún mi." Ẹ ṣàkíyèsí ìparí yẹn: "ẹ padà wá sọ fún mi." Ààlọ́ o, ààlọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n èdè wa tún ní oògùn kan tí mo rò pé ó lè wúlò fún wọn lókè òkun. Bí ejò bá wà lẹ́sẹ̀ bàbá àgbà, ọmọ ọdún méje kò ní dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ ọ́. Á kígbe "Ejò o!" Bí iná bá sọ lórí àjà, "Iná o!" ni. Kò sí ọmọdé, kò sí àgbà, kò sì sí ẹni tó máa sọ lẹ́yìn náà pé ọmọ yẹn kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Àwùjọ ti fọwọ́ sí i pé igbe kò ní àgbà. Kì í béèrè nǹkan, nítorí náà kò sí ibi tí "rárá" ti lè wọlé. Ohun tí ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá nílò ni irú igbe bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wọn ti jọ gbà, tí ọmọ ọjọ́ mẹ́rin lè sọ sí ọ̀gá ọdún 19, tó jẹ́ pé ní kété tó bá jáde lẹ́nu, gbogbo ọwọ́ á kúrò lára ẹni tó wà nílẹ̀, wọ́n á sì yẹ èémí rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó ṣe àríyànjiyàn. Kí wọ́n fi í sínú ìlànà, kí wọ́n sì fi ìyà jẹ ọ̀gá tó bá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ojú àgbà ni òwe yẹn ń sọ, pé kó máa wò. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ kò lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ níbi tó ti pọ̀n ọ́n. Bí àgbà bá rí i tí kò sọ ọ́, orí ọmọ á ṣì wọ́ náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ẹ wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín àti nínú àwọn ọmọ yín wà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ áńbúláǹsì àti iṣẹ́ ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá tún pè yín fún àtúnkọ́ ọdọọdún, tí olùkọ́ bá parí ọ̀rọ̀ àyà títẹ̀ àti ẹsẹ̀ síso, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ sókè, kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè méjì fún mi: bí ọ̀gá mi bá ní kí n fi í sílẹ̀, gbólóhùn wo gan-an ni kí n sọ? Àti pé, bí mo bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ta ló kàn tí kí n pè? Bí olùkọ́ náà bá ní ìdáhùn, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ kọ́ ọ. Bí kò bá ní, ẹ má ṣe jókòó.